Àlàáfíà Lára Àwo: Bí A Ṣe Ń Dá Àwo Àtijọ́ Ilẹ̀ Sípéènì Mọ̀



Kò sí ọmọ Yorùbá tí kì í pe ọ̀rọ̀ náà, àlàáfíà. Inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá: al-ʿāfiya. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn amọ̀kòkò Mùsùlùmí ní Málaga ń kọ sára àwo ní nǹkan bí ọdún 1300. Àwọn tí ó wà ní Manises lẹ́bàá Valencia, lábẹ́ ìjọba àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ń kọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, nǹkan mẹ́rin ni kí ó wò.

Èkíní ni amọ̀ rẹ̀. Bí etí àwo bá fọ́ díẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kì í funfun jálẹ̀ bíi ti àwo ilẹ̀ Ṣáínà.

Èkejì ni ọ̀dà funfun tí ó bò ó. Òjé àti tíìnì ni wọ́n fi ṣe é. Tíìnì ni kì í jẹ́ kí amọ̀ hàn. Láti Ìráàkì ni ìmọ̀ yìí ti tàn dé Sípéènì.

Ẹ̀kẹta ni dídán rẹ̀ bíi wúrà. Kò sí wúrà níbẹ̀: fàdákà àti bàbà ni, tí a fi sínú iná eléèéfín lẹ́ẹ̀kẹta. Bí a bá yí àwo náà sí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a máa yí padà.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwo Manises ni ó ní ọnà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ó ti ní níwájú.

Àkọlé nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tí kò lè ka Lárúbáwá ń da lẹ́tà náà kọ, títí ó fi di ọnà lásán. Láàárín 1609 sí 1614, ọba Sípéènì lé àwọn ọmọ Mùsùlùmí ìgbàanì jáde ní ilẹ̀ náà. Àwọn tí ó kù ń mọ àwo lọ, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ wá pupa bíi bàbà. Lẹ́yìn 1800, nígbà tí àwọn olówó ń wá àwo àtijọ́ kiri, àwọn aláfarawé tún da lẹ́tà kan náà kọ.

Nítorí náà, ẹ yẹ amọ̀, ọ̀dà, dídán àti ẹ̀yìn wò kí ẹ tó gba àkọlé gbọ́. Kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń ka lẹ́tà náà. Ẹni tí ó di lẹ́tà mú tí ó sọ ìtumọ̀ nù, ọnà lásán ni ó dì mú.