Ìdí Tí Odù Fi Jẹ́ 256: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà ní Ìlọrà

 

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yín. Ẹ ní oṣù mẹ́fà tó láti kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà kí a sì rí iṣẹ́. Kí ni a wá fẹ́ fi tíọ́rì ọdún mẹ́rin ṣe? Owó ilé-ìwé wúwo, nítorí náà n kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ni ó ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọ inú sókè tàbí kí ó kọ ẹ̀yìn sókè. Bí a bá ti rí ojú kìíní, odù 256 ti di 128. Ojú kejì sọ ọ́ di 64. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín ní ìdajì títí ojú kẹjọ yóò fi fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn. Bí ó bá ṣe pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń yẹ odù wò, a lè yẹ 255 wò kí ó tó dá wa lójú. Ó dára. Ẹ wá mú orúkọ ènìyàn mílíọ̀nù kan tí a tò ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí i láàárín, kí ẹ wò ó bóyá ẹni tí ẹ ń wá wà níwájú tàbí lẹ́yìn, kí ẹ sì da ìdajì kejì nù. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ogún ìgbà kò ní kọjá kí ẹ tó rí i. Tíọ́rì nìyẹn. FORTRAN tí ó jáde ní 1957 kò yí i padà, Python òde òní kò sì lè yí i padà.

Ní 1936, nígbà tí kọ̀ǹpútà oníná kò tíì sí láyé, Alan Turing ti fi hàn pé àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹ̀rọ kankan kò lè dáhùn. Ààlà náà ṣì wà níbi tí ó fi í sí.

Ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe fi Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì ní 1983. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa onísẹ̀ṣe mú níbẹ̀ ni ìfọ́nnu: “Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́!” Èmi náà ti pariwo rẹ̀ rí, títí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi bi mí pé kí ló dé tí ojú mẹ́jọ fi bí 256, tí kì í ṣe 64. Mo jẹ́ ọ̀mọ̀wé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo sì tún jẹ́ awo; ẹnu mi wọhò. Ọdún yẹn ni mo lọ jókòó ti ìwé ìṣirò.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọmọ awo tí ń ka ẹsẹ Ifá lórí fóònù fi ń kọ mí lóminú. Ó mọ ibi tí a ń tẹ̀. Kò mọ ìdí tí ẹsẹ yẹn fi bá odù yẹn rìn.

Ẹ lọ kọ́ ti oṣù mẹ́fà náà, owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kíláàsì tíọ́rì sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ìpín-sí-méjì yìí kò bá tíì yé, kí ó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi wà nínú àpò. Kí ó mú ìwé àti bírò wá.