Iṣẹ́ tí ara ń ṣe láìgba àṣẹ



Nígbà tí ẹ sùn lóru àná, ta ni ó ń pàṣẹ fún ọkàn yín pé kí ó rọra máa lù? Ta ni ó mú kí iyán tí ẹ jẹ dà nínú yín? Ẹ̀yin kọ́. Àwọn iṣan tín-ín-rín kan ni, tí wọ́n ti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jáde lọ sí gbogbo ara. Wọn kì í dúró gba àṣẹ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Èkíní ń mú ara yára. Bí ẹ bá rí ejò láàárín ebè, ọkàn á máa lù kìkì, ẹnu á gbẹ, kí ẹ lè sá. Èkejì ń mú ara rọ̀. Bí ewu bá kọjá, ọkàn á rọra lù, itọ́ á wá sẹ́nu, oúnjẹ á dà. Bí ọ̀kan ṣe ń tì, ni èkejì ń fà; báyìí ni ara ń dúró déédéé.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú, ẹ fetí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú oògùn òwú, iṣan kòkòrò ni ó ń bà jẹ́, iṣan tiwa sì jọ tirẹ̀. Ní àsìkò òwú 1999 sí 2000, oògùn tí à ń pè ní endosulfan pa ènìyàn ní Borgou níbí. Irú mìíràn, bíi chlorpyrifos àti profenofos, ń sọ iṣan èkejì yẹn di ẹṣin tí ìjánu rẹ̀ já. Itọ́ àti omijé á máa dà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á dé, ọmọlójú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, àyà á há.

Bí ẹ bá rí èyí, ẹ gbé ẹni náà kúrò lóko. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọwọ́ tiyín. Ẹ má ṣe fún un ní epo tàbí wàrà, ẹ má ṣe fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí yóò fi wò ó.

Ẹ bo imú àti ọwọ́, ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ bí ẹ bá ń fín oògùn. Ẹ má ṣe fi ìgò rẹ̀ bu omi mu láéláé. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ Faransé, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín.