Fóònù tí a ń ká bí Ìwé: Ṣé ó yẹ fún lílò ojoojúmọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àpapọ̀ àwọn ọmọ ìlú wa ní GRA, Ìkẹjà)

A dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé tí ó gbà wá sí gbàgede rẹ̀ ní GRA níhìn-ín, lábẹ́ igi tí ó ní ibòji, níbi tí ariwo ọkọ̀ kò ti di ẹnikẹ́ni létí.

Ẹ óò rántí ìwé tí ẹ̀ka wa ti Lọ́ńdọ̀nù kọ sí ìpàdé wa tí ó kọjá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá owó jọ láti ra fóònù mẹ́rin, irú ti ìgbàlódé tí a ń ká bí ìwé, fún àwọn àgbà mẹ́rin tí ń bójú tó ọ̀ràn ẹgbẹ́ nílé, kí wọ́n lè máa rí ojú wa kedere, kí àwa náà sì máa rí tiwọn, nígbà tí a bá ń ṣe ìpàdé láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan sì ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní kò tíì pé. Alága wá pàṣẹ pé kí àwa tí ilé wa kò jìnnà sí ọjà Computer Village lọ wádìí bóyá irú fóònù bẹ́ẹ̀ wúlò, bóyá ó sì lágbára tó láti lò lójoojúmọ́. Olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe oníṣòwò fóònù, a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀ràn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń sọ fún àwọn tí kò tíì fi ojú rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà tí GSM dé ilẹ̀ wa ní oṣù August 2001 mọ fóònù tí a máa ń ṣí pẹ̀lú àtàǹpàkò, tí a sì máa ń pa dé pàá bí ọ̀rọ̀ bá parí. Motorola Razr tí ó jáde ní 2004 wà nínú wọn, àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà sì fi ṣe fáàrí púpọ̀. Ara fóònù yẹn ni ó ń ká, ojú rẹ̀ kò ká rárá. Ti ayé ìsinsìnyí yàtọ̀ pátápátá, nítorí ojú tí a ń wò gan-an ni ó ń ká. Oríṣi méjì ni a rí. Ọ̀kan a máa ṣí bí ìwé, tí ó bá sì ṣí tán, ojú rẹ̀ a fẹ̀ tó ìwé kékeré tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Èkejì a máa ká láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, yóò sì kéré bí pọ́ọ̀sì tí àwọn ìyá wa ń fi pamọ́ sí ìdí ìró.

Ọmọ kíláàsì wa kan bi wá pé, "Tíṣà, gíláàsì wo ni ó ń ká tí kì í fọ́?" Inú wa dùn sí ìbéèrè náà. Gíláàsì tí a bá mú kí ó tínrín dé ìwọ̀n kan a máa tẹ̀ láìfọ́. Èyí tí wọ́n ń lò sí inú ọ̀pọ̀ fóònù wọ̀nyí tínrín ju fọ́nrán irun orí lọ, wọ́n sì tún tẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí. Ike yìí ni ìka ń kàn. Ó rọ̀, èékánná tí ó gùn lè ha á, iyanrìn díẹ̀ sì lè fi àpá tí kò ní í parẹ́ sí i lára. Ní ààrin, níbi tí ó ti ń ká, irin kan wà tí a óò máa pè ní oríkèé, tí ń ṣe iṣẹ́ irin tí káfíńtà máa ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yà ara tirẹ̀ pọ̀ tí ó sì kéré bí ti aago ọwọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Ilé iṣẹ́ Samsung ti Kòríà ti kéde pé Galaxy Fold yóò bọ́ sí ọjà Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 26 oṣù April 2019, ní iye owó dọ́là 1,980. Kí ọjọ́ náà tó pé, èyí tí wọ́n fún àwọn oníròyìn kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan bó ike ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n ṣe bí ọ̀rá tí a fi ń wé ọjà tuntun ni. Ti àwọn mìíràn, ìdọ̀tí ni ó gba ẹ̀gbẹ́ oríkèé wọlé tí ó sì wú ojú fóònù sókè láti ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ náà dá ọjà náà dúró, wọ́n fi ìdérí sí ojú ihò tí ó wà lórí àti nísàlẹ̀ oríkèé, wọ́n sì tẹ etí ike náà wọ abẹ́ férémù kí ẹnikẹ́ni má baà rí i bó mọ́. Oṣù September ni ó tó jáde. Ní 2020, nígbà tí Motorola sọ orúkọ Razr jí pẹ̀lú ojú tí ń ká, àwọn oníròyìn CNET fi ẹ̀rọ kan ṣí i tí wọ́n sì ń pa á dé. Lẹ́yìn bí ìgbà 27,000, oríkèé rẹ̀ kò fẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Motorola fèsì pé ẹ̀rọ náà ń ni fóònù àwọn lára ju bí ọwọ́ ènìyàn yóò ti ṣe lọ, ó sì yẹ kí a gbọ́ tẹnu tiwọn náà.

Láti ìgbà náà, àwọn ẹlẹ́rọ kò sùn. Samsung sọ nípa àwọn tí ó tẹ̀ lé e pé wọ́n lè ká ní ìgbà 200,000, nígbà tí ó sì di 2025, wọ́n sọ pé ojú fóònù tuntun tí wọ́n fi sínú Z Fold7 ká ní ìgbà 500,000 nínú ìdánwò. Ẹ dáríjì wá, iṣẹ́ wa ni ìṣirò. Bí ẹnì kan bá ń ṣí fóònù rẹ̀ ní ìgbà 100 lóòjọ́, 200,000 yóò gbé e dé ọjọ́ 2,000, èyí tí ó ju ọdún márùn-ún lọ. Bí ó bá jẹ́ ìyá oníṣòwò tí fóònù rẹ̀ kì í sinmi, tí ó ń ṣí i ní ìgbà 200, ọdún rẹ̀ kò ní í pé mẹ́ta. Ìwọ̀n ti 500,000 yóò ju ọdún mẹ́tàlá lọ fún ẹni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ta ni nínú wa ni ó ń lo fóònù kan fún ọdún mẹ́tàlá? Nítorí náà, bí kíká nìkan bá ni, a lè sọ pé fóònù yìí ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n ìdánwò wọn kò ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa. Inú yàrá tí ó tutù díẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ni ẹ̀rọ ti ń ṣí i tí ó sì ń pa á dé. Kò sí ọyẹ́ níbẹ̀. Kò sí ilẹ̀ pupa tí ń fò sókè nígbà tí ọkọ̀ bá kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí fóònù lè fara dà, kí ó wo lẹ́tà méjì, IP, tí a kọ sí ara ìwé rẹ̀, àti àmì méjì tí ó tẹ̀ lé wọn. Àmì kìíní ni ti eruku, èkejì ni ti omi. Nígbà tí Samsung gbé Z Fold3 jáde ní 2021, inú gbogbo ènìyàn dùn pé IPX8 ni, pé ó lè bọ́ sínú omi kí ó má kú. Ẹ wo X náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kò fi ìwọ̀n kankan lélẹ̀ fún eruku. Z Fold6 ti 2024 jẹ́ IP48, bẹ́ẹ̀ ni 4 yìí ń dáàbò bo fóònù lọ́wọ́ ohun tí ó ju mìlímítà kan lọ. Ẹ̀yin ará, èwo nínú eruku ọyẹ́ ni ó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí Google gbé Pixel 10 Pro Fold jáde ní 2025 ni a kọ́kọ́ rí fóònù kíká tí ó gba IP68, tí ó tó ẹgbẹ́ fóònù lásán tí ó dára níti eruku àti omi. Ohun tí kò nípá ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó lágbára jù nílé.

A wá lọ sí ọjà. Láti GRA, ìrìn díẹ̀ ni yóò gbé ènìyàn dé Ọ̀tígbá, níbi tí ó jẹ́ pé ilé gbígbé ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí kọ̀ǹpútà àti fóònù tó gba gbogbo ojúlé. Ẹ̀mejì ni a lọ, lẹ́yìn tí a jáwọ́ níbi iṣẹ́. A bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún fóònù ṣe sọ̀rọ̀ lórí àpótí wọn, ojú wọn mú dígí alátòótó, wọ́n sì mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n sọ kò yàtọ̀ síra. Bí ojú fóònù lásán bá fọ́, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹni tí ó ni ín tó mu omi tán. Bí ojú inú ti fóònù kíká bá bàjẹ́, kò sí ohun tí a lè ya sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ojú, férémù àti oríkèé ni a sábà máa ń pààrọ̀ pọ̀, a sì máa ń dúró de ẹ̀yà ara náà kí ó ti òkè òkun dé. Iye tí wọ́n bù fún wa tó ra fóònù lásán tí ó dára, ṣẹ́ńjì yóò sì kù. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa ń sọ fún oníbàárà pé kí ó lọ jókòó kí ó tó gbọ́ iye owó.

Kí a má ṣe ojúsàájú. Ilé iṣẹ́ Transsion ti Ṣáínà, tí ó ni Tecno, Infinix àti itel tí ó kún ọwọ́ àwọn ènìyàn wa, ti gbé Phantom V Fold jáde ní oṣù February 2023, wọ́n sì gbé V Flip jáde ní September ọdún kan náà. Wọ́n ní ilé àtúnṣe tiwọn ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tí yóò bá ra fóònù kíká, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí a óò ti tún un ṣe, kí ó tó béèrè àwọ̀ rẹ̀. Àti pé ó dára fún àwọn kan. Arábìnrin wa kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní ọ̀nà Ọba Akran ti lo èyí tí ó dàbí pọ́ọ̀sì fún ọdún méjì, kò ní ẹ̀sùn kankan. Inú ọ́fíìsì tí a ti fi ẹ̀rọ mú tutù ni ó wà, inú báàgì ni fóònù wà, owó tirẹ̀ sì ni ó fi rà á.

Ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti bàbá wa kan nílé, tí a kò ní í dárúkọ. Ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe fi fóònù kíká ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, kí ó lè máa wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú gbàǹgbà. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àpò agbádá ni ó ń fi í sí, pẹ̀lú obì àti kọ́kọ́rọ́ oko. Ní oṣù January, nígbà tí ọyẹ́ le, ó gbọ́ ohùn kan nínú oríkèé rẹ̀ bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Kò kà á sí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí ni gbogbo ẹbí péjọ sí iwájú bàbá, wọ́n gbé omi, oyin àti iyọ̀ síwájú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ pe orúkọ. Ó ṣí fóònù. Ìlà dúdú kan gba ààrin rẹ̀ kọjá, ìdajì ojú rẹ̀ sì kú. Inú fóònù kékeré ti ọmọ aládùúgbò, tí bátìrì rẹ̀ ń lọ, ni bàbá ti gbọ́ orúkọ tí ẹlòmíràn ti sọ ọmọ náà kí wọ́n tó rí òun pè. Àwa ni wọ́n fi fóònù náà ránṣẹ́ sí kí a bá wọn tún un ṣe. Oṣù mẹ́rin rèé, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò tíì dé.

Nítorí náà, Alága, èyí ni èrò tí a fi siwájú ìpàdé. Kí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù má ra fóònù kíká fún àwọn àgbà wa. Bí ó bá jẹ́ ojú gbòòrò ni wọ́n ń fẹ́, wàláà lásán tí kì í ká, tí a gbé lé orí tábìlì, yóò ṣe iṣẹ́ náà, owó fóònù kíká kan yóò sì tó ra tí àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù, kí a fi kún owó ẹ̀kọ́. A mọ̀ pé àwọn ará wa lókè òkun lè bínú díẹ̀, nítorí ìfẹ́ ni ó mú wọn dábàá rẹ̀, ẹni tí ó sì ń fúnni ní ẹ̀bùn a máa fẹ́ fúnni ní èyí tí ó dára jù. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ èsì wọn sí akọ̀wé kí oṣù February tó parí, kí a lè dìbò.

Ìwé tí a kọ iye owó ọjà àti ti àtúnṣe sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Fóònù bàbá wa náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì wa, a wé e sínú aṣọ funfun. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tí a ti lè rí ojú inú rẹ̀ rà, kí ó jọ̀wọ́ dúró dè wá lẹ́yìn ìpàdé.