Yesh li: bí a ṣe ń sọ pé "mo ní" lédè Hébérù

Ọ̀rọ̀ òní kò gùn, ṣùgbọ́n òun ló máa ń da orí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ rú.

Hébérù kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó dúró fún "ní" tiwa yìí. Ẹni tó fẹ́ sọ pé "mo ní ìwé", ohun tó ń sọ gan-an ni pé "ìwé wà fún mi": yesh li sefer. Yesh ni "ó wà", li ni "fún mi". Ani ni "èmi", ó sì máa ń wu èèyàn kó fi bẹ̀rẹ̀: ani yesh sefer. Rárá o, kò lọ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan ò bá sí, ein ló ń rọ́pò yesh: ein li kesef, mi ò lówó. Ẹ máa nílò ìyẹn dáadáa lọ́jà Mahane Yehuda ní Jerúsálẹ́mù!

Ibi tó le fún àwa ọmọ Yorùbá ni akọ àti abo. "Ṣé o ní omi?" kan náà la máa bi Túndé àti Ṣadé. Hébérù ò gbà. Ọkùnrin: yesh lekha mayim? Obìnrin: yesh lakh mayim? Kò sì sí "ẹ" ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà pàápàá, lakh ni.

"Ti" ńkọ́? Ìyẹn rọ̀ wá lọ́rùn. Shel ni. Ha-bayit shel Daniel, ilé ti Daniel. Sheli, tèmi, shelanu, tiwa. Ohun tí a ní ló ń ṣáájú, olówó rẹ̀ á tẹ̀ lé e, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ẹ kàn má gbàgbé ha- iwájú: ha-sefer sheli, ìwé mi. Àmọ́ ima sheli, màmá mi, kì í gba ha-.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kó wà lórí yín kí ẹ tó wọ bàálù: yesh li alergia le-botnim, ara mi kì í gba ẹ̀pà. Bamba, ìpápánu tí wọ́n ń fún ọmọ kékeré jẹ káàkiri Ísírẹ́lì, ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi lọ ọmọ yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Bó bá jẹ́ obìnrin, ẹ ní: yesh lah alergia. Bó bá jẹ́ ọkùnrin: yesh lo alergia. Ó yá, ẹ sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má wo ojú àwọn tí ẹ jọ wà nínú bọ́ọ̀sì.