Ṣé Iṣẹ́ àti Ìwé Ló Ń Mú Àwọn Ìyá Wa Sanra Jù?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ẹ̀rín la sábà máa ń fi í rín, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa tí wọ́n ń sanra jù ni.

Bí ọmọ wa obìnrin bá ti Èkó dé fún ọdún, kí la máa ń kọ́kọ́ sọ? "Háà, o mà ti sanra o! Owó ti dé." Bó bá rù ńkọ́? A ó ní ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Láyé ìyàn, ẹni tó bá lára lẹni tó rí jẹ. Ṣùgbọ́n ayé ti yí, ẹ̀yin èèyàn mi.

Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2008, obìnrin bíi 22 nínú 100 ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó fi di ọdún 2018, wọ́n ti di 28. Àwọn obìnrin ọlọ́mọ ọdún 15 sí 49 ni wọ́n wọ̀n o, kì í ṣe arúgbó. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àwọn tó kàwé, àwọn tó lówó lọ́wọ́ àti àwọn ará ìgboro ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì rẹ̀ ni: àwọn obìnrin tí kò kàwé púpọ̀ ló ń sanra jù níbẹ̀.

Ṣé ká wá ní kí obìnrin má kàwé mọ́? Ká má rí i! Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìwé ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Èkìtì di tíṣà, nọ́ọ̀sì àti dókítà. Ọmọ ìyá tó kàwé kì í sì tètè kú bíi ti ẹni tí kò lọ. Ìwé kọ́ ló ń múni sanra. Àga tí ìwé gbé wa jókòó lé ni, àti owó tó tẹ̀ lé e.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ìyá wa àgbà máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Wọ́n á ru iṣu, wọ́n á ru igi, wọ́n á pọnmi odò. Wọ́n á tún dé ilé gúnyán. Ọmọ wọn lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì, ibẹ̀ ló sì jókòó di ìrọ̀lẹ́. Iyán ẹni tó kọ ebè la ṣì ń bù fún un. Iyán kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni o. Èmi náà ọmọ Èkìtì ni. Òkèlè ló pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ẹ tún wá fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lé e: ṣúgà inú ìgò kan lè tó gíráàmù 50.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ pẹ̀lú. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, tí mẹ́fà nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn ìbímọ. Ó tún ní kí wọ́n fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Ta ló ń rí i gbà? Lọ́dún 2018, ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Ìyá tó bá ti jí dáná, tó ti ṣiṣẹ́ délẹ̀, owó bisikíìtì ló máa yá a láti fún ọmọ. Ìwádìí yẹn kan náà rí i pé ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ràn, tí wọn ò ga tó ọjọ́ orí wọn. Nínú ilé kan náà, ìyá lè sanra jù, kí ọmọ sì ràn. Oúnjẹ tó kún ikùn lè má ṣara lóore.

Kí ló wá wà níbẹ̀ fún wa? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìtọ̀ ṣúgà ni, rọpárọsẹ̀ ni. Bí ìyá tó ń bọ́ ilé bá dùbúlẹ̀ lẹ́ni ọdún 45, ilé ti dùbúlẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ̀kíní, ẹ wọn ara yín. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tí kò lóyún, tó bá ti wọn kílò 64, ó ti dé ẹnu ààlà. Bó bá di 77, ó ti kọjá ibi eré. Ẹ̀kejì, ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un, ẹ sì fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò, kódà níbi òde. Ẹ̀kẹta, ẹ fẹsẹ̀ rìn ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọkọ wa, iṣẹ́ ilé kì í ṣe ti ìyá nìkan. Bẹ́ ẹ bá gbọ́mọ, tí ẹ fọ abọ́, ìyá á ráyè se oúnjẹ gidi, á sì ráyè sinmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba obìnrin síṣẹ́, ẹ jẹ́ kó fọ́mọ lọ́mú.

Ẹgbẹ́ wa náà ní ti ẹ̀. Òṣùwọ̀n kan àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kan kò ju agbára wa lọ. Kí wọ́n wà níbi gbogbo ìpàdé, kí a máa wọn tọkùnrin tobìnrin kí a tó jókòó. Ẹni tí tiẹ̀ bá ga, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó kò jìnnà sí wa. Kí ó lọ, kí ó má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò gbé e lọ.

Tí ọmọ yín bá sì tún ti Èkó dé, ẹ má kí i pé "o ti sanra" mọ́. Ẹ bi í pé, "Ṣé ara le?"

Ìlógbò kò ní bàjẹ́.