Ẹ Wọn Omi Kí Ẹ Tó Da Oògùn Sí I

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, pàápàá èyí tí omi rẹ̀ ti rú, tó funfun bí omi ògì, tí ojú kò ríran wọnú rẹ̀ mọ́. Irú adágún bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nílé àwọn ènìyàn ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, àti láwọn ilé tí wọ́n fi ń gba àlejò fún ọjọ́ díẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ léraléra, tàbí tí ọyẹ́ bá gbé eruku dé, kì í pẹ́ tí omi ibẹ̀ fi máa ń rú.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ní ìlú Fall River, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, obìnrin kan rì sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba. Omi náà rú débi pé kò sẹ́ni tó rí i nísàlẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ méjì ni òkú rẹ̀ fi wà níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń wọlé, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń jáde lọ. Ẹni tó bá rì sínú omi tó mọ́, ojú lè tètè tó o kí wọ́n fà á yọ. Bí omi bá rú, a kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó ṣáájú ohun gbogbo nìyí. Ẹ dúró létí adágún, níbi tó jìn jù, kí ẹ wo ìdérí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ kò bá rí i kedere, ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, àgbà náà kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ti ibẹ̀ pa, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa wá àtúnṣe.

Nípa àtúnṣe, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ wọn omi kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé bí omi bá ti rú, wọ́n á da kílórínì sí i. Bí kò bá tòrò, wọ́n á tún da òmíràn. Owó ń lọ, omi kò mọ́. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Rio de Janeiro ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, níbi tí owó ti pọ̀, tí àwọn onímọ̀ sì wà, omi adágún tí àwọn eléré ń bẹ́ sí ṣàdédé di aláwọ̀ ewé lójú gbogbo ayé. Àlàyé tí àwọn alábòójútó ṣe ni pé wọ́n ti da 80 lítà hydrogen peroxide sínú omi náà, èyí sì sọ kílórínì tó wà nínú rẹ̀ di aláìlágbára. Kẹ́míkà tí a kò ronú sí kí a tó lò ó, bíba omi jẹ́ ló máa ń ṣe.

Kí ló ń mú omi rú gan-an? Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ níhìn-ín. Èkíní, kílórínì tó ti tán. Oòrùn máa ń jẹ kílórínì. Òógùn, ìtọ̀ àti ìpara ara náà ń jẹ ẹ́. Bí ó bá tán, kòkòrò àìfojúrí àti ewédò á ráyè gbilẹ̀. Èkejì, asẹ́ tó ti dí, tàbí pọ́ǹpù tí kò ṣiṣẹ́ tó nítorí pé iná mànàmáná kò dúró. Ẹ̀kẹta, pH (ìwọ̀n tó ń sọ bóyá ásíìdì pọ̀ nínú omi tàbí kò pọ̀) tó ga jù, tó ń mú kí ẹfun inú omi di lẹ́búlẹ́bú funfun. Ẹ̀kẹrin, irin tó wà nínú omi kànga ẹ̀rọ tí a fi kún adágún. Ọ̀nà tó rọrùn wà láti mọ èyí: ẹ bu omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, kí ẹ da kílórínì díẹ̀ sí i. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú láìpẹ́, irin ni.

Bí a ṣe ń wọn omi kò le rárá. Àpótí kékeré kan wà lọ́jà tó ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti oògùn inú ìgò méjì. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgúnpá kí ẹ tó bù ú, nítorí pé omi ojú lókè kì í sọ òótọ́ tán. Ẹ kán oògùn sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpótí. Ti kílórínì yóò ní àwọ̀ ìyeyè, ti pH yóò pupa. Ẹ gbé ike náà síwájú bébà funfun ní ojúmọmọ, kí ẹ fi wé àwọn àwọ̀ tó wà lára àpótí. Kí kílórínì wà láàrin 1 sí 3 ppm, kí pH wà láàrin 7.2 sí 7.6.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré pH yìí. Nígbà tó bá wà ní 7.2, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kílórínì yín ló ní agbára gidi láti pa kòkòrò. Bí ó bá gòkè dé 8, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló kù. Ẹ wá rí i pé ẹni tó ń da kílórínì sínú omi tí pH rẹ̀ ti ga, owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Nítorí náà, pH ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: ásíìdì ti adágún ni a fi ń fà á wálẹ̀, sódà áàṣì ni a fi ń gbé e sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan asẹ́ oníyanrìn. Géèjì kan wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó ń fi hàn nígbà tí asẹ́ bá mọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti fi 8 sí 10 psi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdọ̀tí ti dí i. Ẹ pa pọ́ǹpù ná, kí ẹ yí ọwọ́ asẹ́ síbi tí wọ́n kọ BACKWASH sí, kí ẹ tó tan án padà. Ẹ máa wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: omi dúdú ni yóò kọ́kọ́ máa sáré kọjá, títí yóò fi mọ́ gaara. Ẹ tún pa pọ́ǹpù, kí ẹ yí ọwọ́ náà sí RINSE, kí ẹ tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún pa á, kí ẹ wá dá ọwọ́ náà padà sí FILTER. Ẹ má ṣe yí ọwọ́ náà láé nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, torí ó lè bà jẹ́. Títí omi yóò fi tòrò, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bí iná bá wà.

Ìgbà yìí ni kílórínì tó kàn. Adágún tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.5 ní ìpíndọ́gba, 48,000 lítà omi ló ń gbà. Láti gbé kílórínì ibẹ̀ láti òdo dé 10, kí ó lè pa ewédò, nǹkan bí gíráàmù 740 kílórínì alágbára 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ nílò. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lò ó, nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ omi náà títí kílórínì yóò fi wálẹ̀ padà sí 3.

Bí eruku tó kéré ju ohun tí yanrìn lè mú bá ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ti wúlò, èyí tí àwọn ìyá wa ti ń fi mú omi tòrò tipẹ́. Ó ń kó eruku náà jọ títí yóò fi wúwo, tí yóò sì rọlẹ̀. Ẹ pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wọ́n ọn káàkiri, kí ẹ pa pọ́ǹpù mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ yí ọwọ́ asẹ́ síbi tí wọ́n kọ WASTE sí, kí ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ rọra fi fákúùmù fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ náà dànù. Ẹ má jẹ́ kí ó gba inú asẹ́ kọjá, nítorí yóò dì mọ́ yanrìn. Álọ́ọ̀mù a máa fa pH wálẹ̀, nítorí náà ẹ tún omi wọ̀n.

Mo fẹ́ kìlọ̀ gidigidi níhìn-ín. Kílórínì àti ásíìdì kò gbọdọ̀ pàdé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, èéfín tó ń jáde lára wọn lè pa ènìyàn. Ẹ má sì po oríṣi kílórínì méjì pọ̀, ó lè gbiná. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bu sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó da kẹ́míkà sí i. Ẹ má ṣe da omi lé kẹ́míkà lórí. Kẹ́míkà kò sì gbọdọ̀ sí níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ ní adágún, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi parí sí. Púpọ̀ nínú yín gba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tọ́jú omi náà. Ẹ ń ra kílórínì fún un ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n ẹ kò ra àpótí ìwọnmi kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìbọ̀wọ́, kò sì ní ìbomú. Ẹ ra nǹkan wọ̀nyí fún un. Ẹ fún un ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun tó bá wọ̀n sí lójoojúmọ́, kí ẹ̀yin náà sì máa ka ìwé náà. Iye tí ẹ ó ná kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí tí yóò dáàbò bò, ti òun fúnra rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ yín.