Igi Láílákì Ní Ẹ̀yìnkùlé Wa Ní Òkè Òkun



Àwa tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí igi kékeré kan tí à ń pè ní láílákì. Ní ìgbà òtútù, gbogbo ewé rẹ̀ a wọ́ dànù, ẹ ó sì rò pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, yóò yọ òdòdó elésè àlùkò, òórùn dídùn rẹ̀ yóò sì gba àgbàlá kan.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, a kò gbin nǹkan kan. A ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ọdún mẹ́rin péré ni a ó lò. Ọdún mẹ́rin di ogún. Àwọn ọmọ wa dàgbà nínú àgbàlá tí kò ní òdòdó. Ìtìjú èyí ni ó mú wa gbin láílákì.

Àṣìṣe wa kò kéré. Abẹ́ ibòji igi ńlá ni a kọ́kọ́ gbìn ín sí. Ó yọ ewé, kò tanná. A hú u pẹ̀lú gbòǹgbò, a gbé e lọ sí ibi tí omi kì í dárogún sí, tí oòrùn sì ń ràn fún wákàtí 6 ó kéré tán lóòjọ́. Lẹ́yìn èyí, a gé e ní ìgbà ìwọ́wé; ní ọdún kejì, a kò rí òdòdó. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi yìí ti ń pèsè ìrudi ọdún tí ń bọ̀. Kété tí òdòdó bá ti rọ ni kí a gé e. Bí igi bá di ògbólógbòó, kí a gé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀ka àtijọ́ láti ìdí lọ́dọọdún, fún ọdún 3. Kí a má sì da ajílẹ̀ púpọ̀ sí i, nítorí ewé lásán ni yóò mú wá.

Láílákì pàápàá kì í ṣe onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn òkè Balkan ní Yúróòpù ni orírun rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1919, ìpínlẹ̀ New Hampshire fi í ṣe òdòdó ìpínlẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ní kí a mú un bọ̀. Òtútù gígùn ni ó ń jẹ́ kí ó tanná, ilẹ̀ wa kò sì ní in.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ gbìn ín lọ́dún yìí, nítorí ó lè gba ọdún mélòó kan kí ó tó tanná. Bí a bá ti relé kí ó tó yọ òdòdó, ẹni tí ó bá gba ilé náà yóò mọ̀ pé ọmọlúàbí ni ó gbé ibẹ̀ rí.

Kí Ọlọ́run bù sí ìlú wa.